Orúkọ Tí A Fún Ọ, Àti Ẹni Tí O Jẹ́

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Dáníẹ́lì 1:1-8, Fílípì 2:25-30
ÀKỌSÓRÍ: Ìfihàn 7:9 (Kí gbogbo ilé ṣí i, kí a kà á pọ̀.)

Ṣé dandan ni kí ẹni tí a tún bí yí orúkọ ìdílé rẹ̀ padà? Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ọ̀pọ̀ nínú wa rí. Ọmọ kan ti yunifásítì dé, ó ní òun kò jẹ́ Ògúnbíyìí mọ́, Olúbíyìí ni òun ń jẹ́. Ó ti búra ní kóòtù, ó sì ti gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Bàbá rẹ̀ kì í bọ Ògún, díákónì ni nínú ìjọ. Ó dákẹ́ títí, ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé èmi náà kì í ṣe bàbá rẹ mọ́ nìyẹn?" Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀.

Olùfẹ́, ìbéèrè bàbá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kí ni ó sọ ènìyàn di ẹni tí ó jẹ́? Ṣé orúkọ rẹ̀ ni? Ṣé ìdílé rẹ̀, ilà ojú rẹ̀, èdè rẹ̀, tàbí àwọ̀ ara rẹ̀? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá.

Ní Bábílónì, wọ́n gba orúkọ Dáníẹ́lì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Beltéṣásárì. Ní orí 4, ẹsẹ 8, ọba fúnra rẹ̀ sọ pé orúkọ òrìṣà òun ni. A kò kà á pé Dáníẹ́lì bá wọn jà nítorí orúkọ. Orí oúnjẹ ọba ni ó ti kọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ṣe ohun tí yóò sọ ọ́ di aláìmọ́. Ohun tí wọ́n pè é kò bà á jẹ́. Ohun tí ó bá fi ọkàn ara rẹ̀ gbà ni ó lè bà á jẹ́.

Tún wo Epafiródítù. Inú orúkọ Afrodítì, òrìṣà obìnrin tí àwọn Gíríìkì ń bọ, ni orúkọ tirẹ̀ ti wá. Síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù kà á sí arákùnrin àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ Olúwa, kò sì sí ibi tí ó ti ní kí ó lọ yí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ni ó sọ Ábúrámù di Ábúráhámù. Nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ darí láti yí orúkọ padà kò ṣẹ̀. Ẹni tí kò yí i padà kò sì pàdánù ìgbàlà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí i ní Òṣóògùn. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, wọ́n fi orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù pè é. Ó gbà á, ṣùgbọ́n kò ju Àjàyí nù. Ó ń jẹ́ méjèèjì pọ̀ títí ó fi kú.

Ní 1846, ó pàdé Àfàlà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Bí ó bá ti tijú èdè rẹ̀ ní Sàró, kí ni ì bá fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà? Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848. Hánà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Èdè ìyá yìí kan náà ni Àjàyí àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884.

Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó dé sí Odò Ọya, wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì tàbùkù bàbá arúgbó náà. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891, òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Orúkọ wọn ni ó ń jẹ́, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n jọ ń sìn, síbẹ̀ àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí.

Ará, kí a má yára dá wọn lẹ́bi. Bàbá tí ó ní ọmọ òun kò ní fẹ́ Ìgbò, bí onítọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ ẹni ìgbàlà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni ó ń dá. Ìyá tí ó ń na ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú ilé náà ń ṣẹ̀, nítorí ó ń kẹ́gàn ohun tí Ọlọ́run fún un. Ọ̀kan sọ ogún ìdílé di òrìṣà, èkejì kó o dà sí ààtàn.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí a ó mú àti èyí tí a ó fi sílẹ̀? Bi ara rẹ ní ìbéèrè méjì. Èkíní: ṣé nǹkan yìí ń béèrè pé kí n sin ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́run? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bí ẹbọ ìdílé àti ìmulẹ̀, fi í sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Èkejì: ṣé ó ń mú kí n fojú tín-ínrín ẹni tí Kristi kú fún? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí èdè rẹ, ìkúnlẹ̀ kí àgbà, àti orúkọ tí òbí rẹ fi ìfẹ́ sọ ọ́, mú un pẹ̀lú ọpẹ́.

Nínú àkọsórí wa, Jòhánù ṣì dá ẹ̀yà àti èdè àwọn ẹni ìràpadà mọ̀ níwájú ìtẹ́. Ọlọ́run kò pa wọ́n rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà tí ó ń gbéraga níbẹ̀. Aṣọ funfun kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, Ọ̀dọ́ Àgùntàn ni wọ́n dojú kọ.

Nítorí náà, kí ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kí ó ní: "Ẹ̀yin ni bàbá mi. Orúkọ yòówù tí mo bá ń jẹ́, ẹ̀yin lẹ bí mi. Ṣùgbọ́n Kristi ni ó ni mí, òun ni ó sì ni yín."

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ fún ìdílé àti èdè tí o fi dá mi sáyé.
2. Olúwa, gbogbo májẹ̀mú òrìṣà nínú ìdílé wa, fi ẹ̀jẹ̀ Jésù já a.
3. Baba, dárí jì mí níbikíbi tí mo ti kẹ́gàn ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀yà tàbí àwọ̀ rẹ̀.
4. Jẹ́ kí a rí Kristi nínú mi lónìí kí a tó béèrè ibi tí mo ti wá. Ní orúkọ Jésù. Àmín.