Ìwé Àwòrán Tí Wọ́n Ń Kà Fún Àwọn Ọmọ Wa
Ẹ̀kọ́ kíkà: Deutarónómì 6:4-9

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ kékeré wà, títí kan àwọn màmá àgbà tí wọ́n ń bá wa mú ọmọ lọ sílé ìwé.

Ẹ ó rántí àwọn òbí tí wọ́n pe ìgbìmọ̀ ilé ìwé lẹ́jọ́ nítòsí wa ní Montgomery County, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ní 2022 ni ìgbìmọ̀ náà fi àwọn ìwé aláwòrán kan kún èyí tí wọ́n ń kà fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé tí ọkùnrin ti ń fẹ́ ọkùnrin, tí obìnrin ń fẹ́ obìnrin. Lákọ̀ọ́kọ́, òbí tí kò bá fẹ́ lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Ní oṣù kẹta 2023 wọ́n fagi lé e. Mùsùlùmí, ìjọ Àgùdà àti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ló pawọ́ pọ̀ lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbè wọ́n, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta: títí ẹjọ́ yóò fi parí, kí ilé ìwé máa sọ fún òbí ṣáájú, kí wọ́n sì gbà kó yọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa yọ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jáde kúrò ní kíláàsì fún ogún ìṣẹ́jú, ta ni yóò wá kọ́ ọ ní ohun tí a fẹ́ kó mọ̀? Adájọ́ kò lè bá wa ṣe ìyẹn. Òbí ni Mósè sọ fún pé kó máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ọmọ, nígbà tó bá jókòó nílé, tó bá ń rìn lọ́nà, tó bá fẹ́ sùn àti nígbà tó bá jí. Ẹ wá wo àwa: iṣẹ́ òru là ń ṣe, ọ̀sán là ń sùn, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá ọmọ jẹun.

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ìwé náà fúnra yín. Uncle Bobby's Wedding, tí Sarah Brannen kọ, wà lára àwọn tó dé kóòtù. Ọmọbìnrin kékeré kan, Chloe, ń bẹ̀rù pé bí Ọ́ńkù Bobby bá ṣègbéyàwó, kò ní ráyè tòun mọ́. Ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni Bobby fẹ́ fẹ́, gbogbo ẹbí sì ń yọ̀. Ohun tí Ìwé Mímọ́ kọ́ wa nípa ìgbéyàwó kọ́ nìyẹn, a kò sì ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n irú ìbẹ̀rù tó ń ba Chloe, àwọn ọmọ wa náà mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìwé mìíràn wà, The Family Book, tí Todd Parr ṣe ní 2003. Ìyá méjì tàbí bàbá méjì wà níbẹ̀. Òbí kan ṣoṣo náà wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ náà ń bẹ. Èyí kò jìnnà sí wa. Nínú ìjọ yìí, bàbá àwọn kan ṣì wà ní Èkó. Àwọn kan, ìyá àgbà ló tọ́ wọn n'Ìbàdàn kí físà tó jáde. Módékáì ló tọ́ Ẹ́sítérì, tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá (Ẹ́sítérì 2:7). Lára Lóísì ìyá àgbà rẹ̀ àti Éúníkè ìyá rẹ̀ ni Tímótíù ti rí ìgbàgbọ́ (2 Tímótíù 1:5).

Ọmọ tó ní ìyá méjì sì lè jókòó ti ọmọ wa ní kíláàsì. Òun kọ́ ló yan ilé tó ti ń dàgbà. Bí ọmọ wa bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu wa ló ti gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, inú bí Jésù (Máàkù 10:14). Kò béèrè irú ilé tí wọ́n ti wá.

Nítorí náà, bí ọmọ bá délé tó ní, "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rẹ́ mi ní ìyá méjì?", ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi gbólóhùn méjì sọ ohun tí a gbà gbọ́ fún un, kí ẹ sì bi í bóyá àwọn méjèèjì jọ ṣeré lónìí.