Nígbà Tí Filipi Kò Sí Mọ́

Bíbélì Kíkà: Iṣe Àwọn Aposteli 8:9–24 àti 26–40
Àkọ́sórí: Romu 6:4
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí a wò kí a tó mú ọ̀dọ́ kan lọ sí ibi ìtẹ̀bọmi.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a tẹ̀ bọmi nínú orí kẹjọ ìwé Iṣe Àwọn Aposteli, ṣùgbọ́n ìtàn ẹni méjì ni a sọ fún wa ní kíkún. Èkíní ni Simoni, oṣó ará Samaria. Èkejì ni ìwẹ̀fà ará Etiopia tí ó ń tọ́jú ìṣúra ọbabìnrin Kandake. Oníwàásù kan náà ni ó mú ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, Filipi ni. Simoni gbọ́, ó gbàgbọ́, a tẹ̀ ẹ́ bọmi, ó sì ń bá Filipi rìn kiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àmì ni ó gbà á lọ́kàn jù. Kò pẹ́ tí ó fi kó owó wá síwájú Peteru àti Johanu, tí ó fẹ́ ra agbára Ẹ̀mí Mímọ́ bí ẹni ń ra obì lọ́jà. Ẹ ka ẹsẹ̀ 20 títí dé 23, kí ẹ rí bí ìdáhùn Peteru ti le tó.

Ní ti ìwẹ̀fà, Bíbélì ni ó ń kà lọ́wọ́ nígbà tí Filipi bá a lójú ọ̀nà. Filipi bi í bóyá ohun tí ó ń kà yé e. Kò tijú láti sọ pé òun nílò ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé ibi omi, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí omi, òun náà ni ó sì béèrè ohun tí ó lè dá òun dúró. Filipi kò tì í, kò sì fà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ti jáde kúrò nínú omi. Ẹ̀mí Olúwa gbé Filipi lọ. Ìwẹ̀fà kò rí olùkọ́ rẹ̀ mọ́. Kò sí ìjọ ní aṣálẹ̀ yẹn, kò sí díákónì, kò sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí yóò wá béèrè lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ pé èéṣe tí a kò rí i. Síbẹ̀ ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ wa dúró lé lórí lónìí nìyí: nígbà tí a bá ń múra ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún ìtẹ̀bọmi, ọjọ́ tí a óò rì í sínú omi ni a ń múra rẹ̀ sílẹ̀ dè ni, tàbí ọjọ́ tí Filipi kò ní sí mọ́?

ÀWỌN ỌMỌ ÌJÀYÈ

Kí a má baà rò pé Bíbélì nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ tí ó wá sí ilẹ̀ wa, gúnlẹ̀ sí Àgbàdárìgì ní 1850. Ní 1853 ó dé Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, ní 1854 sì ni a kọ́ ilé ìsìn sí ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn dé, lára wọn ni R. H. Stone àti A. D. Phillips. Àwọn ni wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860.

Ogun náà mú ìyàn wá. Ọ̀nà oko dí, oúnjẹ tán nínú àká, àwọn òbí kan sì ń mú ọmọ wọn wá bá àwọn míṣọ́nárì kí wọ́n bá wọn bọ́ wọn kí ebi má pa wọ́n kú. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862, Abẹ́òkúta ni a kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ, níbẹ̀ ni wọ́n sì dàgbà sí lábẹ́ ìtọ́jú míṣọ́n. Ogun yìí kan náà ni ó ràn dé ọ̀dọ̀ wa ní Rẹ́mọ. Ìjà kan Mákún, ó kan Ìpẹru, ó kan Ìkòròdú títí di 1865. Àwọn àgbà mọ̀ pé nítorí irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú wa fi kó ara wọn jọ sí Ṣàgámù ní 1872. Nítorí náà, ìtàn àwọn ọmọ Ìjàyè kì í ṣe ìtàn ará ọ̀nà jíjìn sí wa.

Ẹ wá ro ipò tí míṣọ́nárì yẹn bá ara rẹ̀. Ọmọ kan wà níwájú rẹ̀ tí ó ń jẹun láti ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ tí ó wọ̀, òun ni ó fún un. A, B, D tí ó mọ̀, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ. Ilé bàbá ọmọ náà ti jóná, ó sì ṣeé ṣe kí a ti ta ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Lọ́jọ́ kan ọmọ yìí wá sọ pé, “Mo fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi.” Ta ni ó ń dá lóhùn? Ṣé Jesu ni, àbí àwo oúnjẹ? Bí míṣọ́nárì bá sì bi í léèrè, ẹnu wo ni ọmọ aláìníbaba yóò fi sọ fún ẹni tí ń bọ́ ọ pé òun kò tíì gbà?

Ó rọrùn fún wa láti máa yin iṣẹ́ àánú, ó sì yẹ kí a yìn ín, nítorí bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ni ìbá ti kú. Ṣùgbọ́n ìmoore yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́. Ọmọ lè fẹ́ràn olùkọ́ rẹ̀ títí kí ó gbà láti tẹ̀ lé e wọ inú omi, kí ó má sì tíì pàdé Olúwa olùkọ́ náà. Bí Simoni ti ṣe tẹ̀lé Filipi nìyẹn.

Ìdánwò dé kíákíá. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 dé 1865, ti gé owó tí ń ti ọ̀hún wá. Ní 1867 rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ifọ́le lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí yóò fi di 1869, kò sí míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi kankan láti Amẹ́ríkà mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Filipi ti lọ. Kò sí owó oṣù, kò sí oúnjẹ míṣọ́n, kò sí ẹni tí ń wo ẹni tí ó wá ìsìn àti ẹni tí kò wá. Àwọn kan fọ́nká. Ṣùgbọ́n àwọn kan dúró. Ní Èkó, Ìyáàfin Sarah Harden, opó J. M. Harden, ni ó di àwọn onígbàgbọ́ mú pọ̀. Nígbà tí W. J. David àti W. W. Colley dé ní 1875, àwọn onígbàgbọ́ ṣì wà tí wọ́n bá nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a tọ́ dàgbà lọ́dọ̀ míṣọ́nárì ní àkókò Ìjàyè yẹn, Moses Ladejo Stone tí ń jẹ́ orúkọ míṣọ́nárì Stone, wà lára wọn. Ní 1880 a fi í joyè òjíṣẹ́ Ọlọ́run.

Ìtàn rẹ̀ kò parí síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí olùkọ́ fo apá yìí. Ní 1888 ọ̀rọ̀ dìde láàrin òun àti David nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi Èkó. Ó kúrò, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ bá a lọ, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, tí a mọ̀ sí Ebenezer. Lára àwọn aṣáájú wọn ni David Brown Vincent, ẹni tí ó pa orúkọ rẹ̀ dà sí Mọjọlá Agbébí ní 1894. (N kò fẹ́ kí kíláàsì lo gbogbo àkókò wọn lórí ẹni tí ó jàre nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1914, ní Ìbàdàn, ìhà méjèèjì tún parapọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, Agbébí sì ni ààrẹ àkọ́kọ́.) Ohun tí ó yẹ kí a rí ni pé ọmọ tí a fi oúnjẹ míṣọ́n tọ́ dàgbà lè wo ojú míṣọ́nárì kí ó sì sọ pé, “Rárá.” Kò kọ Kristi nítorí pé ó bá míṣọ́nárì jà. Ẹni tí ó bá lè sọ “rárá” fún olùkọ́ ni a lè gbà gbọ́ pé “bẹ́ẹ̀ ni” tí ó sọ fún Jesu jẹ́ tirẹ̀.

NÍ ILÉ WA NÍ RẸ́MỌ

A kì í sábà bọ́ ọmọ kíláàsì ìtẹ̀bọmi nínú ìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń bọ́ ọmọ ṣì wà.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ ni ó ní Ànglíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Mùsùlùmí nínú agbo ilé kan. Nínú kíláàsì tí mo ń kọ́, ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó wà ní ìkókó, tí àlùfáà sàmì fún un, ìyá àgbà yìí kan náà ni ó sì fún un ní orúkọ ìsàmì rẹ̀. Òun ni ó tún ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà sọ pé òun fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi, ìyá àgbà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Èyí tí a ṣe fún ọ, kí ló ṣe é? Ṣé omi yẹn kò mọ́ ni?” Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú sí mi, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ nígbà yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní ti èyí, èmi ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ.”

Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ Romu orí kẹfà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìsàmì àti ìtẹ̀bọmi ní ọ̀rọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ a kò kán an lójú. Ìyá àgbà ní kí ó dúró ná, ọmọ náà sì dúró fún ọdún kan gbáko láìfi kíláàsì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a tẹ̀ ẹ́ bọmi. Ìyá àgbà kò wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá owó ilé-ẹ̀kọ́ dúró.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kan náà, ọmọ díákónì. Kò sí ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Ó mọ ẹsẹ Bíbélì, ó mọ ìtumọ̀ ìsìnkú àti àjíǹde nínú omi, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìsọdipúpọ̀. Mo bi í pé, “Bí bàbá rẹ bá ní kí o má ṣe é ńkọ́?” Ó ní, “Nígbà náà n kò ní ṣe é.” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀. Inú bàbá rẹ̀ kò dùn, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní gbangba. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ẹ lọ sí Sábó ní Ṣàgámù níbi tí wọ́n ti ń di obì sínú agbọ̀n láti gbé e lọ sí òkè Ọya. Oníṣòwò kì í yan obì nítorí pé ó tóbi nìkan. Èyí tí kò gbó, bí ó ti wù kí ó dán tó, yóò ti bàjẹ́ kí mọ́tò tó dé ibi tí ó ń lọ. Èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kì í sì í fi ara hàn lójú kan.

Ẹnìkan nínú kíláàsì lè sọ pé ọjọ́ kan náà ni a tẹ̀ ìwẹ̀fà bọmi, kí ni a ń fi oṣù gígùn kọ́ àwọn ọmọ wa sí? Ó sọ òtítọ́. Kì í ṣe iye ọ̀sẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Ìwẹ̀fà ti lọ sí Jerusalemu láti jọ́sìn, ìwé Isaiah sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Filipi tó dé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láìsí olùkọ́. Irú rẹ̀ lè wà nínú àwọn ọmọ wa, bí a bá sì rí i, kí a má ṣe fi ìwé ìbéèrè dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n Filipi kan náà ni ó tẹ̀ Simoni bọmi. Kò sí olùkọ́ tí ó lè wo inú ọkàn. Ohun tí a lè ṣe ni kí a kọ́ ọmọ láti máa ka Bíbélì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún un, kí ó máa gbàdúrà tí kì í ṣe àdúrà ìyá rẹ̀, kí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí Jesu ṣe fún un, bí kò tilẹ̀ ju gbólóhùn méjì lọ.

Èkó kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a tẹ̀ bọmi lọ́dún yìí yóò ti wà níbẹ̀ kí ọdún méjì tó pé, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, ẹni tí ń lọ sí yunifásítì, ẹni tí ń wá iṣẹ́. Lójú ọ̀nà yẹn, a kò ní sí lọ́dọ̀ wọn.

FÚN ÌJÍRÒRÒ

Kí ni ẹ rò pé ó mú kí àwọn kan dúró láàrin 1869 àti 1875 nígbà tí àwọn mìíràn fọ́nká? Nínú ìjọ yín, àwọn wo ni ó ń pinnu pé ọ̀dọ́ kan ti tó tẹ̀ bọmi, kí ni wọ́n sì ń wò? Bí ọmọ tiyín bá sọ fún yín lálẹ́ yìí pé òun kò tíì ṣetán, kí ni ẹ óò sọ fún un?