Ara Líle, Ọkàn Bíbalẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé àdúrà ni "ara líle", ṣùgbọ́n èébú ni "ọkàn líle"? Bí ìyá àgbà bá kí ọ láàárọ̀, á bi ọ́ pé ṣé ara le. Wàá ní ara le, a dúpẹ́. Àmọ́ dán an wò, kó o pe ẹnì kan ní ọlọ́kàn líle, kó o wá wo ojú tó máa fi wò ọ́. Ohun tí à ń tọrọ fún ọkàn kì í ṣe kó le. Ìfọ̀kànbalẹ̀ là ń tọrọ fún un.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí ohun tó gbòde láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Jíìmù ti pọ̀ nígboro. Àwọn míì ń sáré, àwọn míì ń gbé irin, àwọn míì ń gba bọ́ọ̀lù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò bá eré ìdárayá jà. Ẹni tó bá ń sáré déédéé á máa sùn dáadáa, ara á fúyẹ́, ìrònú á dín kù. Àwọn dókítà náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti sáré yí pápá ká nígbà tí ẹsẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, á ti kọ́ nǹkan kan nípa ìfaradà. Ibi tí mo ti fẹ́ dá wa dúró díẹ̀ ni ibi tí a ti ń sọ pé bí a ṣe ń kọ́ iṣan apá náà la ṣe ń kọ́ ọkàn: di ẹrù tó wúwo lé e lórí, má ráhùn, má sọ fún ẹnikẹ́ni, á le. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká lọ wá èsì ní Táíwò Road, níbi tí pápá ìṣeré Ìpínlẹ̀ Kwara wà. Orúkọ Ràṣídì Yẹkínì ni wọ́n fi sọ pápá ńlá tó wà níbẹ̀. Ọmọ Ìrá ni, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1963. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ara líle, ẹni tó ju Yẹkínì lọ ṣọ̀wọ́n. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní Áfíríkà, ní 1993. Gólù 21 ló gbá wọlé fún Vitória de Setúbal ní Pọ́túgàl ní sáà 1993 sí 1994, kò sì sẹ́ni tó tó o nínú líìgì wọn ní sáà náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, òun ló gbá bọ́ọ̀lù tó di gólù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Àgbáyé, nígbà tá a bá Bulgaria pàdé ní Dallas. Àwa ò tí ì dáyé nígbà náà, àmọ́ a ti rí àwòrán yẹn: ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó di àwọ̀n mú, ó ń ké.

Ẹni yìí kan náà ló kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2012, ní ẹni ọdún 48, tí wọ́n sì lọ sin sí Ìrá. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde nígbà náà ni pé ó ti pẹ́ tí àárẹ̀ ọpọlọ ti ń bá a fínra ní Ìbàdàn tó ń gbé, ó sì ti ń yẹra fún èèyàn. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè ní Yẹkínì kì í ṣe akin, tàbí pé kò mọ ìfaradà. Bí ara líle bá tó gbé ọkàn ró, tirẹ̀ ì bá gbé e ró. Àárẹ̀ ọpọlọ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ojo. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn.

Ẹ wò ó: bí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù bá yẹ̀, rẹfirí á fọn fèrè, àwọn tó ń tọ́jú wọn á sáré wọ pápá, òǹwòran á máa pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń tiro jáde. Kò sẹ́ni tó máa ní kó ṣe bí ọkùnrin. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọkàn ló yẹ̀, fèrè kì í dún. A ó ní ṣé òun nìkan ni. A ó ní àwọn míì ń fara da ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní pápá, ká bọ́ sí títì. Ẹ wo àwọn alábàárù láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀. Ọrùn wọn le, ẹsẹ̀ wọn le. Síbẹ̀, bí àpò bá ti wúwo jù, wọn kì í dá a gbé rù. Ẹlòmíì ló ń bá wọn gbé e lé orí. Bí wọ́n bá sì débi tí wọ́n ń lọ, ẹlòmíì náà ló ń bá wọn sọ̀ ọ́. Alábàárù tó bá ní òun ò ní ké sí ẹnikẹ́ni, kò fi agbára kankan hàn wá. Ọrùn ló fẹ́ fi dá.

Ẹ̀yin tí à jọ ń kọ́ èdè Yorùbá, ẹ gbọ́ èyí. "Sọ̀" tí a fi ń gbé ẹrù kalẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. "Sọ" tí a fi ń la ẹnu, ohùn àárín ló ní. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ní ẹnì kan fẹ́ sọ ẹrù, tí mo tún ní ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀, ohùn kan náà lẹ máa gbọ́. Mi ò sọ pé ìtumọ̀ wọn dọ́gba o. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ẹrù orí ẹ̀ á fúyẹ́.

Ẹnì kan lè ní: bí gbogbo wa bá ń sọ ohun tó ń dùn wá, ta ló máa sáré dé òpin? Simone Biles ti dáhùn. Ní Olimpiiki Tókíò, ní 2021, ó yọ ara ẹ̀ kúrò láàárín ìdíje, ó ní ọkàn òun àti ara òun ò sí lójú kan. Àwọn kan bú u. Ní Párísì, ní 2024, ó gba góòlù mẹ́ta.

Ẹlòmíì á ní àwọn bàbá wa kì í ráhùn, síbẹ̀ wọ́n le. Agbo-ilé ni wọ́n gbé, ẹ má gbàgbé. Kí ìrònú tó dórí ẹnì kan kodò, ẹni mẹ́ta á ti bi í pé kí ló dé tí kò jẹun. Àwọn náà ló ní okun inú la fi ń gbé tìta. Oúnjẹ ni òwe náà ń tọ́ka sí, oúnjẹ sì rèé, ìta ló ti ń wọnú, ọwọ́ ẹlòmíì ló sì sábà máa ń sè é. Dókítà Adéoyè Lambo mọ èyí. Ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, kò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Abúlé tó wà nítòsí ilé-ìwòsàn ló ní kí wọ́n máa gbé, kí mọ̀lẹ́bí wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sáàárín àwọn ará abúlé. Oògùn wà níbẹ̀, èèyàn náà wà níbẹ̀. Ìjọba wa pẹ́ kó tó gbọ́n: oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin 1958, èyí tí orúkọ ẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè.

Nítorí náà, ẹ máa sáré, ẹ máa gbé irin. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ jọ ń sáré bá pa pápá tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, má kàn ní ó ti di ọ̀lẹ. Lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Má bi í pé ṣé ara le nìkan, torí á ti ní ara le kó tó ronú. Bi í pé ṣé ọkàn ẹ̀ balẹ̀, kó o sì jókòó gbọ́ èsì. Bí ẹrù náà bá ju ẹ̀yin méjèèjì lọ, sìn ín dé ọ̀dọ̀ dókítà.