Ẹ ṢÀÁNÚ AJÁ YÍN NÍGBÀ ỌDÚN



Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì máa yìn bánga títí Ọdún Titun. Bí àwa ti ń yọ̀, ajá tí ń ṣọ́ ilé wa ń gbọ̀n. Etí rẹ̀ mú ju tiwa lọ. Kò sì mọ̀ pé ayọ̀ ni ariwo náà.

Ní ọdún kan, mo so ajá wa mọ́ igi ní ẹ̀hìnkùlé, mo sì lọ wàásù ní ìsìn àìsùn. Nígbà tí mo padà dé, ó ti já okùn, ọrùn rẹ̀ ti bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù àánú, ojú tì mí.

Òwe 12:10 kọ́ wa pé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn jẹ́ apá kan òdodo. Nítorí náà, ẹ mú un rìn kí oòrùn tó wọ̀, ẹ fún un ní oúnjẹ àti omi. Ẹ mú un wọ yàrá, ẹ ti fèrèsé, kí ẹnìkan sì dúró tì í. Bí ó bá sá sí abẹ́ ibùsùn, ẹ má ṣe fà á jáde, ẹ má sì ṣe nà án. Bí ó bá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ fi ọwọ́ pa á lára. Èyí kì í dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ènìyàn. Oníṣègùn ẹran ni kí ẹ bi.

Ibùjẹ ẹran ni a tẹ́ Olúwa wa sí. Ó ha yẹ kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ di ìpayà fún ẹran ilé wa bí? Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn àánú. Àmín.