Ẹlẹ́rìí Ìpín

Ẹ̀yin tí a jọ ń wá ojú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yà sílé Àjàlá kí á tó dé ìdí tábìlì mi ní Ẹdẹ. Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ìsálọ́run bọ̀ wá sí ìkọ̀lé ayé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọn kò lè wáyé láìgba orí lọ́dọ̀ Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà sọ́dọ̀ baba wọn. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n sì wọ inú àká, wọ́n gbé orí tí ó tóbi, tí ó ń dán. Wọn kò mọ̀ pé iná kò jó o dénú. Òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà ayé, ó ń wẹ amọ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí orí ńlá fi di pẹlẹbẹ.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sílé baba. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kí ó fi owó àti iyọ̀ rúbọ, kí ó sì mú lára rẹ̀ dání. Iyọ̀ ni ó fún oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀, oníbodè sì fi ọ̀nà hàn án. Owó ni ó fi san gbèsè Àjàlá, ẹni tí ó ti sá gun àjà nítorí olówó. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin lu orí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yan èyí tí ó dún kooro fún un. Òjò kan náà ni ó pa Afùwàpẹ́. Kò ràn án.

Èmi, ẹ̀yin ará, orí tí ń dán ni mo gbé.

Baba mi jẹ́ awo. Kí wọ́n tó relé, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń kì Ifá, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹdẹ ni wọ́n ti bí mi, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ìlú tí Ọba Adétóyèṣe Láoyè ti jẹ Tìmì láti 1946 di 1975, ọba tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ a máa kọ́ ọmọ rẹ̀ pé ogún ni ohùn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà mi di onílọ̀ọ́ra, tí wọ́n ní àfi kí á fọ́mààtì rẹ̀, mo da gbogbo ohùn náà sórí àwo CD kan, irú èyí tí a lè kọ, kí á pa á rẹ́, kí á tún un kọ. Kí n tó ti àwo náà pa dáadáa, iná lọ. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. N kò fi ọ̀pá irin kankan lù ú.

Wọ́n fi Windows tuntun sí i. Mo ti àwo bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì bi mí bóyá kí òun tún un tò láti ìpilẹ̀. Ìka mi ti wà lórí bẹ́ẹ̀ni. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó parí. Mo gbé ìka kúrò.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. A kúnlẹ̀, a yan ìpín, a sì gbàgbé rẹ̀ bí a ti ń wọ ayé. Ìpín kò tìtorí pé a gbàgbé kí ó má sí mọ́. Ọ̀rúnmìlà wà níbẹ̀ nígbà tí a ń yàn án. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ẹlẹ́rìí Ìpín, ìdí nìyí tí a fi ń tọ̀ ọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà mi ti tún ayé wá, ó ti gbàgbé. Ètò tí mo fi kọ àwo náà ti bá Windows àtijọ́ lọ, irú àwo bẹ́ẹ̀ mìíràn kì í sì í ṣí fún kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ètò tí ó kọ ọ́. Iná tí ó lọ sì ti ba ojú ìwé àkọ́kọ́ jẹ́, níbi tí a ti ń wo ohun tí ó wà nínú àwo. Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń bi í léèrè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi obì àti omi tútù bọ orí mi. Láàárọ̀, mo tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó yẹ àwo náà wò lójú oòrùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan lé e mọ́ o. Ó ṣì wà níbẹ̀.”

Òun ni ó là mí lóye ẹbọ tí ó wà nínú àwo. Ní 1960, Irving Reed àti Gustave Solomon, ará Amẹ́ríkà méjì, gbé ìṣirò kan jáde. Nígbà tí àwo CD dé ọjà ní 1982, orí ìṣirò náà ni wọ́n gbé e lé. Fún báìtì 24 tí a bá fẹ́ tọ́jú, 8 mìíràn ni a ń san lé e. Wọn a tún fọ́n gbogbo rẹ̀ káàkiri, kí ibi tí ó bá họ má lè gbé ọ̀rọ̀ kan lọ lódindi. Àwo tí ibì kan ti họ níwọ̀n mílímítà 2 lè wá sọ̀rọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ wò ó: kí ibi tó dé ni wọ́n ti rú u. Iyọ̀ Afùwàpẹ́ ti wà lápò kí ó tó rí oníbodè.

Ètò tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lò ni ddrescue, tí Antonio Diaz Diaz kọ. Ìwà ètò náà dùn mọ́ mi nínú. Ibi tí ó rọrùn ni ó kọ́kọ́ ń kà. Tí ó bá kan ibi líle, kò jà, yóò fò ó, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń padà bọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yí padà, tí yóò tún yí padà, bí babaláwo tí ń tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ gbé sọlẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀. Nítorí pé ó ń kọ ibi tí ó dé sílẹ̀, ibi tí ó dúró náà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbà wá ju ọjọ́ kan lọ.

Lẹ́yìn èyí, PhotoRec, iṣẹ́ Christophe Grenier, wọ inú ẹ̀dà tí a rí gbà. Kì í wo ojú ìwé àkọ́kọ́ rárá. Bí fáìlì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń dá a mọ̀, bí àgbà ṣe ń mọ ọmọ ẹlòmíràn láti ibi ojú.

Ohùn padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Orúkọ kò padà. Èyí tí mo ti pè ní Ogbè, èyí tí mo ti pè ní Ìwòrì, gbogbo wọn di lẹ́tà f àti nọ́ńbà gígùn, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ lórí àwo. Mo da wọ́n sí ibi mẹ́ta kí n tó ṣe ohunkóhun, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Òṣogbo, mo sì ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó ní alaalẹ́, tí mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan wà tí ó fi ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikọ́, ọ̀pẹ̀lẹ̀ dún lórí ẹní, baba mi ní kí wọ́n bu omi wá fún àwọn, baba sì dákẹ́ pẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò tíì mọ orúkọ tí n ó sọ ọ́.