Kóńgò Yí, Gàrí Ò Yí

Tí ẹ bá lọ ra gàrí lọ́jà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìyá tó ń tà á gbé kóńgò àná sílẹ̀, tó wá mú òmíràn tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, ẹ ò ní sọ pé gàrí ló bàjẹ́. Ẹ máa wo kóńgò. Ọmọ kékeré tí wọ́n rán níṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gàrí la bá jà.

Àwa mẹ́ta la jọ ń bójú tó ìkànnì kékeré kan níbí, tí a ti ń kọ nípa ìlú wa. Google Analytics la fi ń mọ iye ẹni tó ń wá. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti ọdún 2005. Oríṣi rẹ̀ tí a ń lò ni wọ́n ń pè ní Universal Analytics. Lóṣù Kẹta ọdún 2022, Google kéde pé yóò dáwọ́ kíkà dúró ní ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ, ọdún 2023, kí kálukú kó lọ sí Google Analytics 4. A rí ìkéde yẹn. A ní ó di ọ̀la. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Nígbà tí a kó lọ tán, iye tí a rí kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. A kọ́kọ́ rò pé ohun kan ti bàjẹ́. Ìgbà tí a fara balẹ̀ kàwé nípa rẹ̀ ló tó yé wa pé ohun tí ẹ̀rọ méjèèjì ń kà yàtọ̀ síra.

Ẹ wo ọmọbìnrin kan nínú mọ́tò tó ń lọ sí Èkó. Ó ṣí àròkọ wa kan, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yọjú, ó sá lọ. Bounce ni wọ́n ń pè é. Iye àkókò tó lò? Òdo. Ìdí ni pé ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ojú ewé kejì ni ẹ̀rọ yẹn tó lè mọ bó ṣe pẹ́ tó lórí èkíní. Kò sí ìkejì, kò sí àkókò. Lójú ẹ̀rọ tuntun, ọmọbìnrin kan náà ti kópa, torí pé ó lò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ò yí padà o. Àwa la yí èrò wa padà nípa rẹ̀.

Ibí lọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀rọ, tó di ti ìwà. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń bínú sí irú ọmọbìnrin yìí. A ní àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ràn ìwé kíkà mọ́. A mú àròkọ wa lórí Òjúde Ọba, a gé e sí mẹ́ta, kí olúkà lè máa tẹ̀ síwájú tipátipá, kí òdo yẹn lè dín kù. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ nípa regbẹ́rẹ́gbẹ́, a jẹ́ kó ṣí ojú ewé mẹ́ta lórí dátà tó fowó ara rẹ̀ rà. A tún pa abala kan tì, èyí tí a ti ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú tó ń dàwátì. Bounce rẹ̀ pọ̀ jù, a ní kò sẹ́ni tó ń kà á. Ta ló máa ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tán tó tún máa dúró wá ojú ewé mìíràn?

Ṣé ẹ̀rọ tuntun wá sọ òótọ́ ni? Ẹni tó ṣí wa sílẹ̀ tó lọ ro ọbẹ̀ náà lè ṣe ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá. Òun náà ti kópa nìyẹn. Èrò ẹnì kan ló wà nídìí mẹ́wàá yẹn, bí èrò ẹnì kan ṣe wà nídìí òdo àná.

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Tẹ́lẹ̀, èèwọ̀ lásán la kà á sí. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà yìí kan náà ò sá fún ìṣirò. Wọ́n ka owó ẹyọ dáadáa: 40 lórí okùn kan, okùn 50 di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Owó ẹyọ kan jọ èkejì, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọmọ kan ò jọ èkejì. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí regbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń múra àtilọ kí Awùjalẹ̀, wọ́n lè ka orí kí aṣọ lè kárí. Àmọ́ ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé, “Lágbájá dà?” Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀rọ wa méjèèjì ò lè béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọjọ́ 19 ṣáájú kí ẹ̀rọ àtijọ́ tó dáwọ́ dúró, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbo dátà ní Nàìjíríà. Lára ohun tí òfin náà ń sọ ni pé ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ bí ẹlòmíràn bá ń kó ìsọfúnni nípa rẹ̀ jọ. Àwa tí à ń bínú pé olúkà ò dúró, a ò kọ ìlà kan ṣoṣo rí láti sọ fún un pé à ń kà á.

Ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ti lọ báyìí. Kò bá wa kó wọnú ti tuntun, Google sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lóṣù Agẹmọ ọdún 2024. A ò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀bi wa sì ni. Ó dùn wá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, a so àròkọ Òjúde Ọba pọ̀ padà sójú kan, a jí abala ẹ̀ka-èdè wa dìde, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ ìkànnì pé à ń ka ẹni tó bá wọlé, àti bí ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe lè kọ̀. A ṣì ń wo iye wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí a tó wò ó, a máa ń kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an. Nígbà mìíràn, tí a bá ti dáhùn, a kì í ṣí i mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka iye ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò yín láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ta ló fún yín ní kóńgò yẹn?