Àwọn Ọmọ Ogun Ojú Omi tí Ikú Pàdé Lórí Ilẹ̀

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Lúùkù 13:1-5, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:1-6

Bí a ti ń jó tí a ń yọ̀ ní Òkè-Fìà yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ọmọ kan tí wọn kò dàgbà dé ọjọ́ ogbó.

Àwa ará Òṣogbo kì í ṣe ará etí òkun. Odò Ọ̀ṣun ni omi tiwa. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá wọ iṣẹ́ Nefi, ẹ̀rù omi ni í kọ́kọ́ ba ìyá rẹ̀. Ìyá á gbààwẹ̀, á kúnlẹ̀ lóru, á ní, "Olúwa, má jẹ́ kí òkun gbé ọmọ mi lọ." Bí ọmọ bá wà lórí ilẹ̀, ọkàn ìyá á balẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, 26 September 1992, ọkọ̀ òfuurufú Hercules C-130 ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa gbéra ní Ìkẹjà. Kò pẹ́ rárá, ìṣẹ́jú mélòó kan péré, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta nínú mẹ́rin daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì já sínú àbàtà ní Èjìgbò. (Èjìgbò ti Èkó ni mo ń wí o, kì í ṣe Èjìgbò tiwa tí kò jìnnà sí ibí.) Àwọn tí ó kú lé ní 150. Ẹyọ ẹnì kan kò yè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun tí ń kàwé sí i ní Jàjí: ti orí ilẹ̀, ti òfuurufú, ti ojú omi. Àwọn Mejọ̀ àti ẹgbẹ́ wọn ni, àwọn tí agbára ṣì wà lára wọn, tí ọmọ wọn ṣì kéré. Àlejò láti ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn, bíi Gánà, wà nínú wọn pẹ̀lú.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìgbà ogun ni. Láti 1990 ni àwọn ọmọ wa ti wà ní Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG. Ní oṣù October 1992 gan-an, ìjà tún dé ẹnu ọ̀nà Monrovia. Ojú ogun ni gbogbo wa ń wò. Ilé ni ikú dúró sí.

Kí ni àwọn ènìyàn wí? Ẹ mọ̀ wá. Irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀ kí a má rí ẹni tí yóò ní aráyé ló ṣe é, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ni. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwa aládùúrà, tí a máa ń bi ìyá tí ń sunkún pé, "Ṣé ẹ gbàdúrà dáadáa?" Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó rán wa ní irú iṣẹ́ yẹn?

Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, Jésù kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn pọ̀ ju ti ará ìlú yòókù lọ. Ẹ wo Pọ́ọ̀lù náà. Ọkọ̀ fọ́, gbogbo ènìyàn 276 jáde láàyè. Orí ilẹ̀, nídìí iná, ni ejò ti so mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ará erékùṣù náà dájọ́: apànìyàn ni, òkun kò pa á, ẹ̀san ti bá a. Nígbà tí kò kú, ẹnu kan náà tún sọ ọ́ di òrìṣà. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé lọ sílé ọ̀fọ̀.

Bí ẹ bá ní Bíbélì ti pẹ́, ẹ wo ìtòsí. Ọdún 1930 ni Ọlọ́run lo Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oyè, Iléṣà, tí àwọn aláìsàn dìde. Ní 26 July 1959, wòlíì kan náà sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ níbí, ọmọ ọdún 55 péré. Ta ni yóò là á lójú pé àdúrà rẹ̀ kò gbà?

Síbẹ̀, n kò ní kí a máa fi "àmúwá Ọlọ́run" bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọlọ́run kọ́ ni mẹkáníìkì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ìbáà ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú tàbí ti dánfó tí ń gbé wa lọ Iléṣà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ó tó ní kí a máa gbàdúrà.

Àwọn opó Èjìgbò pẹ́ lẹ́nu ẹkún ẹ̀tọ́ ọkọ wọn, àwọn mìíràn fi ọ̀pọ̀ ọdún kígbe. Jákọ́bù orí kìíní ẹsẹ 27 ti sọ iṣẹ́ wa fún wa. Nítorí náà, ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, bí a bá ti parí ayẹyẹ yìí, ẹ wá opó ọmọ ogun tí ó bá wà ládùúgbò yín rí. Ẹ gbé oúnjẹ dání. Ẹ bi í nípa owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó dárúkọ ọkọ rẹ̀ bí ó bá fẹ́, kí ẹ sì jókòó gbọ́. Ẹ má bi í bóyá ó gbàdúrà.